Ọmọ Ọdún Mẹ́ta Tí Wọ́n Sin Sínú Ihò Àpáta ní Kẹ́ńyà

Ẹ̀yin ará wa tó ń ṣòwò lẹ́yìn odi, láti Jos títí dé Kano, Maiduguri àti Onitsha. Èmi admin yín ni. Ìtàn àtijọ́ tí a máa ń sọ ní alẹ́ Sunday ni mo tún gbé dé. Ẹni tí kò bá ní data láti gbọ́ ohùn, kó ka èyí tí a tẹ̀ yìí.

Ihò àpáta kan wà ní Kẹ́ńyà, kò jìnnà sí etí òkun. Panga ya Saidi ni wọ́n ń pè é. Àwọn tó ń walẹ̀ wá ìtàn rí eegun wẹ́wẹ́ níbẹ̀ ní 2013. Ní 2017, wọ́n rí kòtò tí eegun náà wà, ó tó mítà mẹ́ta sísàlẹ̀. Àmọ́ wàhálà dé: eegun yẹn ti jẹrà débi pé bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án, yóò di ìyẹ̀fun. Kí ni wọ́n ṣe? Wọn ò yọ ọ́. Wọ́n gé ìṣù erùpẹ̀ náà lódidi, wọ́n fi POP bò ó, bí dókítà ṣe ń ṣe fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Wọ́n gbé e lọ sí mùsíọ́ọ̀mù Nairobi, ó gba Jámánì kọjá, ó dé Burgos ní Sípéènì, lọ́dọ̀ obìnrin onímọ̀ kan, María Martinón-Torres, àtàwọn èèyàn rẹ̀.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti fi skánnì wò ó. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe skánnì rí ní ọsibítù, irú rẹ̀ ni, àmọ́ èyí ń rí ohun tó kéré gan-an. Micro-CT lorúkọ rẹ̀. Á ya fọ́tò X-ray láti gbogbo ẹ̀gbẹ́, kọ̀ǹpútà á wá tò wọ́n pọ̀ bí ẹni to búrẹ́dì tí wọ́n ti gé padà. Wọ́n tún ń fi jẹ́jẹ́ tu erùpẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí wọ́n rí. Ọmọdé ni. Eyín rẹ̀ ló sọ ọjọ́ orí rẹ̀: ọdún méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta. Ó fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sùn, ó ká orúnkún mọ́ àyà, bí ọmọ yín ṣe ń sùn lórí ẹní. Bí eegun èjìká àti ìhà rẹ̀ ṣe fún pọ̀, ó jọ pé wọ́n fi nǹkan wé e, bóyá ewé tàbí awọ. Orí rẹ̀ sì tẹ̀ bí orí ẹni tó wà lórí ìrọ̀rí, àmọ́ ìrọ̀rí náà ti jẹrà lọ. 78,000 ọdún sẹ́yìn rèé o! Wọ́n sọ ọ́ ní Mtoto, ìyẹn "ọmọ" ní èdè Swahili. Nígbà tí wọ́n kéde rẹ̀ ní 2021, òun ni sàréè èèyàn tó pẹ́ jù tí wọ́n tíì rí nílẹ̀ Áfíríkà.

Kí ló kàn mí níbẹ̀? Ní 2006, ní Jos, ibà mú ọmọ mi kejì lọ. Kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Àwọn àgbà gbé e lọ kí ilẹ̀ tó ṣú, wọn ò jẹ́ kí èmi àti ìyá rẹ̀ mọ ojú oórì. Àṣà wa ni, mi ò bú u. Wọ́n ní, "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Ọjọ́ kẹta, mo ti wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹnikẹ́ni ò dárúkọ rẹ̀ mọ́. Mo máa ń rò pé èmi ni ọkàn mi rọ̀ jù. Ìgbà tí mo gbọ́ ti ìrọ̀rí yẹn ni mo mọ̀ pé rárá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan nínú wa pàdánù ọmọ. A kọ RIP, iye owó àlùbọ́sà ló tẹ̀ lé e. Èmi náà wà níbẹ̀. Òfin ẹgbẹ́ wa ní owó ìrànwọ́ fún òkú bàbá àti òkú ìyá, ó ní ti ìsọmọlórúkọ, kò ní ti ọmọ tó kú. Mo fẹ́ kí a fi kún un ní ìpàdé tó ń bọ̀. Kó tó dìgbà náà, ẹni tó bá wà nítòsí wọn, ẹ lọ jókòó tì wọ́n. Ẹ má sọ ti agbè. Ẹ dárúkọ ọmọ náà.

Ọlọ́run á bá wa wo àwọn tó kù. Ó dàárọ̀ o.