Oúnjẹ, Iyọ̀ àti Ẹ̀jẹ̀ Ríru

Ẹ̀jẹ̀ ríru ni kí agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ara iṣan ẹ̀jẹ̀ ga ju bó ṣe yẹ lọ, kó má sì wálẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n léraléra tó ń tó 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀, ó ti dé nìyẹn. Ọjọ́ orí àti ìran ẹni wà lára ohun tó ń fà á, ṣùgbọ́n ti iyọ̀ wà níkàáwọ́ ẹni tó ń dáná.

Sódíọ̀mù inú iyọ̀ máa ń fa omi mọ́ra. Bó bá pọ̀ ju èyí tí kíndìnrín lè tètè sẹ́ dànù, omi inú ẹ̀jẹ̀ á pọ̀ sí i, iṣẹ́ ọkàn á sì le. Pọ̀táṣíọ̀mù inú ẹ̀wà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀fọ́ ló ń ran kíndìnrín lọ́wọ́ láti da sódíọ̀mù náà sínú ìtọ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ má tó gíráàmù 5 lóòjọ́, ìyẹn bíi ṣíbí ìmutíì kan. Ọ̀pọ̀ ló máa ń búra pé àwọn kì í jẹyọ̀, torí wọn kì í bu iyọ̀ sórí oúnjẹ tó ti délẹ̀. Ẹnu lásán ni. Nínú ìkòkò ọbẹ̀ kan ṣoṣo, a bu iyọ̀ sí i, a fọ́ magí mẹ́rin lé e, iyọ̀ ló sì pọ̀ jù nínú magí. Irú tí wọ́n fi iyọ̀ sí kó má baà bàjẹ́ ń bẹ níbẹ̀. Káún tí a fi ń se ewédú àti ẹ̀wà kì í ta lẹ́nu bí iyọ̀, sódíọ̀mù ló sì kún inú rẹ̀. Búrẹ́dì àárọ̀ ńkọ́?

Ní 1997, Richard Cooper àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí àwọn tí orírun wọn jẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, láti Ìdíkàn n'Ìbàdàn àti Igbó-Ọrà títí dé erékùṣù Karibíà àti Maywood lẹ́bàá Chicago. Nínú ọgọ́rùn-ún, ẹni 16 lẹ̀jẹ̀ ń ru ní Áfíríkà, 26 ní Karibíà, 33 ní Amẹ́ríkà. Orírun kan náà ni, ṣùgbọ́n bí iyọ̀ àti ìsanra ṣe ń pọ̀ sí i ni ẹ̀jẹ̀ ríru ń pọ̀.

Lọ́dún yẹn kan náà, ìwádìí DASH ní Amẹ́ríkà fi èso, ẹ̀fọ́ àti wàrà tí kò lọ́ràá bọ́ àwọn ènìyàn láìdín iyọ̀ wọn kù. Òǹkà òkè àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ti ń ru fi nǹkan bí 11 wálẹ̀. Nínú ìwádìí mìíràn ní abúlé 600 ní Ṣáínà, iyọ̀ tí ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan jẹ́ ti pọ̀táṣíọ̀mù dín àrùn rọpárọsẹ̀ kù ní ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún; 2021 ni àbọ̀ rẹ̀ jáde. Irú iyọ̀ bẹ́ẹ̀ léwu fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti ń ṣàárẹ̀, kó kọ́kọ́ bi dókítà. Ẹni tó sì wà lórí oògùn kò gbọdọ̀ tìtorí pé òun ti dín iyọ̀ kù pa oògùn tì.