Dùùrù Onífèrè àti Ohùn Ọ̀rọ̀ Yorùbá

Olùkọ́ tí ó ń kọ́ ọmọ ní àmì ohùn ní Ìjẹ̀bú-Igbó tàbí Agọ́-Ìwòyè mọ̀ pé ọmọ tí ó mọ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ nínú kíláàsì lè sọ ìyàtọ̀ náà nù bí ó bá ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Dùùrù ni àwọn mìíràn ń dá lẹ́bi. Ìtàn dùùrù kan ní Èkó fi hàn pé ẹjọ́ náà kì í ṣe ti dùùrù.

Lẹ́yìn ogun Ìmágbọ̀n ní 1892 ni ẹ̀sìn Ìgbàgbọ́ tàn kálẹ̀ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ìwé orin bá a wọlé. A túmọ̀ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sí Yorùbá, ṣùgbọ́n ohùn orin Òyìnbó ni a fi ń kọ ọ́. Níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń gòkè ni orin ti ń sọ̀ kalẹ̀: ọkọ́ ni ẹnu pè, ọkọ̀ ni etí gbọ́.

T. K. E. Phillips, tí a bí ní 1884, lọ kọ́ ìmọ̀ orin ní Trinity College of Music, London, ní 1911. Láti 1914 títí di 1962, òun ni ó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì Kristi ní Marina, Èkó, tí a mọ̀ sí Cathedral Church of Christ. Ní 1932 ni wọ́n gbé dùùrù onífèrè ńlá kan kalẹ̀ níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni ó ń mú irú dùùrù bẹ́ẹ̀ dún, bí ẹwìrì ti ń fẹ́ná fún alágbẹ̀dẹ. Fèrè gígùn ń dún nísàlẹ̀, kúkurú ń dún lókè. Fèrè kan kò lè yí ohùn padà bí gángan; ẹni tí ó ṣètò orin ni ó ń sọ èyí tí yóò dún tẹ̀ lé èkejì.

Phillips mọ èyí. Ó ṣe àwọn orin ìjọ tí ohùn wọn tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀, ó sì ṣàlàyé ìbátan orin àti èdè nínú ìwé rẹ̀, Yoruba Music, ní 1953. Fela Sowande (1905–1987), tí ó kọrin lábẹ́ rẹ̀ ní ọmọdé, tẹ̀síwájú: ó gbé orin Yorùbá sórí dùùrù nínú àwọn iṣẹ́ bí Ọbáńgíjì.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, kò sí àní-àní pé irinṣẹ́ àjèjì lè sọ èdè wa bí ẹni tí ó ń lò ó bá gbọ́ èdè náà yé. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ mú orin kan tí wọ́n mọ̀, kí wọ́n fi àmì sórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì wo ibi tí orin ti takò ó. Ẹ̀kọ́ àmì ohùn tí etí fúnra rẹ̀ bá rí kì í tètè kúrò lọ́kàn.