Òtútù Nìkan Kọ́ Ló Ń Sọ Obìnrin Di Ọ̀gá Nínú Họ́kì Orí Yìnyín

Ìtàn eré kan la mú wá lónìí, èyí tí púpọ̀ nínú wa ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n tí a kì í kọbi ara sí: họ́kì orí yìnyín. Wọ́n á wọ bàtà tó ní irin lábẹ́, wọ́n á mú ọ̀pá dání, wọ́n á máa fi lé róbà pẹlẹbẹ kan kiri lórí omi tó ti dì bí òkúta. Kí ló wá dé tó fi gbilẹ̀ láàárín àwọn obìnrin Kánádà àti Amẹ́ríkà, tí kò sì rí bẹ́ẹ̀ níbòmíràn?

Ẹni tó bá yára dáhùn á ní òtútù ni. Ṣé Rọ́ṣíà ò tutù ni? Àwọn ọkùnrin wọn gbajúmọ̀ nídìí họ́kì, síbẹ̀ àwọn obìnrin wọn ò tíì gba àmì ẹ̀yẹ kankan rí nínú họ́kì Òlíńpíìkì.

Kánádà gan-an ò kọ́kọ́ gba obìnrin láyè. Ní 1955, ní Toronto, ọmọbìnrin ọdún 8 kan, Abigail Hoffman, gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní "Ab" lòun ń jẹ́, ó sì ń bá àwọn ọkùnrin ṣeré. Ó mọ̀ ọ́n gbá débi pé wọ́n mú un mọ́ àwọn tó dára jù. Ìgbà tí wọ́n wo ìwé ìbí rẹ̀ ni àṣírí tú. Nígbà tí Kánádà wá bẹ̀rẹ̀ ìdíje obìnrin gbogbo orílẹ̀-èdè ní 1982, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ife náà. Ní 1986, Justine Blainey gba kóòtù lọ ní Ontario, kóòtù sì wọ́gi lé òfin tó ń jẹ́ kí wọ́n lé ọmọbìnrin kúrò nínú ẹgbẹ́ eré ọkùnrin.

Ní Amẹ́ríkà, òfin Title IX jáde ní 1972: iléèwé tó bá ń gba owó ìjọba àpapọ̀ kò gbọdọ̀ ya obìnrin sọ́tọ̀. Báyìí ni yunifásítì ṣe ń wá àyè fún eré obìnrin. Ọmọbìnrin tó mọ họ́kì gbá lè rí ẹni san owó iléèwé fún un. Kódà, àwọn ọmọ ilẹ̀ mìíràn ń lọ síbẹ̀ kọ́ṣẹ́.

Ẹ wo ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ìdíje àgbáyé obìnrin bẹ̀rẹ̀ ní Ottawa ní 1990, Òlíńpíìkì sì tẹ̀ lé e ní Nagano ní 1998. Àmì ẹ̀yẹ wúrà Òlíńpíìkì ò kúrò lọ́wọ́ àwọn méjèèjì yìí rí.

Àwọn tó kù ńkọ́? Ní 2008, Slovakia na Bulgaria ní 82 sí 0. Ẹ má rò pé a ṣì í kọ o! Slovakia yìí kan náà dé Vancouver ní 2010, Kánádà sì nà wọ́n ní 18 sí 0. Jacques Rogge, ààrẹ ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì àgbáyé nígbà náà, kìlọ̀ pé bí nǹkan ò bá yí padà, eré náà ò lè máa bá a lọ bẹ́ẹ̀. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà.

Àmọ́ ẹ wo Japan. Wọ́n pàdánù gbogbo eré wọn ní 1998, ní ilé ara wọn. Wọn ò fi sílẹ̀. Ní 2014 wọ́n padà sí Òlíńpíìkì, ní 2022 wọ́n ṣe ipò kìíní nínú ìsọ̀rí wọn.

Àwa náà mọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Super Falcons ti gba ife Áfíríkà ní ìgbà 10, nítorí pé Nàìjíríà tètè bẹ̀rẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti ṣílẹ̀kùn fún ọmọbìnrin, tí wọ́n náwó sí i, tí wọ́n sì ní sùúrù, ibẹ̀ ni ọ̀gá ti ń jáde. Ẹ jẹ́ ká wá bi ara wa: pápá tó wà ládùúgbò tí a wà yìí, ṣé àwọn ọmọbìnrin wa máa ń rí àyè níbẹ̀? Ẹ sọ tiyín fún wa.