Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà: Ogún Ilẹ̀ Wa àti Ọ̀nà Ilé-Ìjọba

Reluwé tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì là láti Èkó, tó dé Ìbàdàn ní 1901, gba Ifọ̀ kọjá. Lójú ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ Ẹ̀gbá tí oko wọn wà lẹ́bàá ojú irin náà, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ìjọba ti kọ́kọ́ fara hàn: akọ̀wé tó wọ ṣòkòtò tí wọ́n lọ̀, tí owó oṣù rẹ̀ kì í yẹ̀. Ọmọ tó bá ka ìwé mẹ́fà lè di akọ̀wé. Òkè téńté iṣẹ́ náà ni kò sí àyè fún un. Òyìnbó ló jókòó síbẹ̀, ìwé yunifásítì ló sì ń gbéni débẹ̀, owó ìwé náà sì ju ohun tí oko ẹ̀gẹ́ lè pa lọ.

Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ mọ ìnira yìí lára. Bàbá rẹ̀ kú ní 1920, ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì ní ìdíwọ́. Ó ṣòwò, ó fi ọkọ̀ ṣiṣẹ́, kó tó rí ọ̀nà lọ kọ́ òfin ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1944. Ní ọdún kejì, òun àti àwọn ọmọ Yorùbá mìíràn níbẹ̀, Dókítà Oni Akerele, Akíntọ́lá Williams àti Sábúrì Bíóbákú wà lára wọn, dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà sílẹ̀. Ní oṣù kẹfà 1948 ni wọ́n fi lọ́lẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, Sir Adéyẹmọ Alákijà sì di ààrẹ. Àwọn kan bínú sí i pé yóò pín Nàìjíríà níyà. Àwọn ìwé ìròyìn Azikiwe bá a jà gan-an. Ìjà yẹn kò yẹ kó bo ohun tó wà nínú òfin ẹgbẹ́ náà mọ́lẹ̀: kí a tọ́jú èdè, àṣà àti ìṣọ̀kan Yorùbá, kí a sì fún ọmọ tó mọ̀wé ní ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ láti sẹ́kọ́ńdìrì dé yunifásítì. Lójú àwọn tó dá a sílẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni àṣà àti ẹ̀kọ́.

Bíóbákú ni mo fi ń mọ̀ pé òótọ́ ni. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, wọ́n bí i ní 1918, ó sì kàwé dé Cambridge. Nígbà tí ìjọba agbègbè Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà dá ètò ìwádìí ìtàn Yorùbá sílẹ̀ ní 1956, òun ló darí rẹ̀. Ní 1957, ọdún tí ìwé rẹ̀ lórí ìtàn Ẹ̀gbá àti àwọn aládùúgbò wọn jáde, ló di akọ̀wé fún Olórí Ìjọba àti ìgbìmọ̀ aláṣẹ agbègbè náà. Ọwọ́ tó ń kọ ìpinnu ìjọba ló ń kọ ìtàn àwọn baba ńlá wa. Ẹ̀gbá bíi tirẹ̀ ni Simeon Adébọ̀, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní ọ́fíìsì reluwé, tó sì di olórí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, kó tó lọ ṣojú Nàìjíríà ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní 1962.

Ní Ìwọ̀-Oòrùn yìí kan náà ni ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 1955. Ní 1966, ìjọba ológun fòfin de àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀yà, Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà sì bá a lọ.

Ẹgbẹ́ náà ti lọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì tán. Ìbàfò àti Mowé, tí wọ́n jẹ́ abúlé Ẹ̀gbá ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Òwódé, ti yí padà láti ìgbà tí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ti ṣí ní 1978. Ará Èkó ti kún ibẹ̀, ọmọ onírúurú ẹ̀yà ló ń dàgbà níbẹ̀ àti ní Ifọ̀. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò ń dáwó ra tiransifọ́mà, wọ́n ń dáwó tún ọ̀nà ṣe. Ẹ̀yin alága àti akápò, mo bẹ̀ yín: ẹ ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó yẹn fún ọmọ kan lọ́dọọdún, ọmọ ẹnikẹ́ni, tí èsì ìdánwò rẹ̀ dára, tí kò sì lówó. Kí ẹ tó fún un, ẹ jẹ́ kó kọ ìtàn àdúgbò tó ń gbé sílẹ̀ lọ́wọ́ ara rẹ̀.