Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Èrò Lórí Owó Ilé-Ìwé

Yorùbá gbà pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí ó bá fẹ́ tọrọ ohun ńlá lọ́wọ́ àgbà yóò wẹ̀, yóò wọṣọ, yóò sì lọ bá a nílé. Ṣùgbọ́n lóde òní, ọmọ ilé-ìwé lè jókòó ní Òsì tàbí ní Ìlọ́fà, kí ó gbé fóònù, kí ó sì tọrọ owó lọ́wọ́ àgbàlagbà tí kò rí rí, kìkì nítorí pé ilé-ìwé kan náà ni àwọn méjèèjì lọ. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni àṣà yìí ti gbilẹ̀. Láti ọdún 1890 ni Yunifásítì Yale ti dá àpò owó sílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde rẹ̀. Nígbà tí ó yá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi fóònù pe àwọn tí ó ti jáde àti àwọn òbí.

Ǹjẹ́ àjèjì ni irú ẹ̀bẹ̀ yìí láàrin wa? Rárá o. Ẹ jẹ́ kí a rántí Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, tí ó kọ́ ìmọ̀ òfin ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1925, òun àti Dókítà Bankole-Bright, ará Sàró, wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, WASU, sílẹ̀. Ilé gbígbé ṣòro fún akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú nígbà náà. Ní ọdún 1929, Ṣólàńkẹ́ wọkọ̀ òkun padà wá sí Áfíríkà láti wá owó ilé tí wọn yóò máa gbé. Nàìjíríà, Gold Coast tí a ń pè ní Gánà lónìí, Sàró àti Gáńbíà, kò sí èyí tí kò dé. Ọdún 1932 ni ó tó padà. Ní ọdún 1933 ni wọ́n ṣí ilé náà ní Camden, Lọ́ńdọ̀nù.

Lẹ́tà wà nígbà náà, ìwé ìròyìn náà sì wà. Lójú tèmi, Ṣólàńkẹ́ mọ̀ pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Kò sì gba owó kí ó kàn máa lọ: ó ń dá ẹ̀ka ẹgbẹ́ sílẹ̀ níbi tí ó bá dé, kí ẹni tí ó dáwó lè mọ̀ pé òun náà ni ó ni ilé náà.

Nítòsí wa, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Ọ̀ffà fi ìdáwó dá Ọ̀ffà Grammar School sílẹ̀ ní ọdún 1943, nígbà tí ilé-ìwé girama ṣọ̀wọ́n ní gbogbo agbègbè Ìlọrin. Àgbájọ ọwọ́ ni wọ́n fi sọ̀yà.

Kí fóònù alágbèéká GSM tó dé sí Nàìjíríà ní ọdún 2001, ẹni tí ó bá fẹ́ bá ọmọ ìlú tí ó wà ní Èkó tàbí Kàdúná sọ̀rọ̀ yóò rán awakọ̀ níṣẹ́, tàbí kí ó dúró de ọdún Kérésìmesì. Fóònù ti gé ọ̀nà kúrú, ṣùgbọ́n ó ti gba ojú lọ́wọ́ ọ̀rọ̀.

Èmi náà ti jẹ nínú rẹ̀. Ọmọ kan pè mí láti ilé-ìwé kan ní agbègbè náà, pé òjò ń wọ yàrá ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Mo fowó ránṣẹ́. Odidi ọdún kan, n kò gbọ́ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni ohùn mìíràn tún pè, ó tún ń tọrọ owó. Mo bi í léèrè pé òrùlé ti àkọ́kọ́ ńkọ́? Kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Orúkọ mi àti nọ́ńbà mi nìkan ni ó wà nínú ìwé tí wọ́n fún un. Inú bí mi. Mo ní, "Ṣé òjò ṣì ń wọ ibẹ̀ ni?" Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Bàbá, bí òjò bá ti ṣú, a kì í jókòó níbẹ̀ mọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò sí nínú ìwé rẹ̀. Òun ni mo tìtorí rẹ̀ tún fowó ránṣẹ́, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó pè mí lọ́jọ́ tí wọ́n bá kan páànù náà.

Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ ni ó ń lé akẹ́kọ̀ọ́jáde àti òbí sá, bí kò ṣe ìdákẹ́jẹ́ tí ó ń tẹ̀lé e. Ẹni tí ó padà wá jíṣẹ́ ti fi ojú rẹ̀ han ẹni, ìbáà jẹ́ orí fóònù.

Ọmọ náà pè mí. Kò tọrọ nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Ó ní òjò ń rọ̀, wọ́n sì wà nínú kíláàsì.