Ohun Tó Ń Mu Epo Jíìpù

Bí jíìpù bá ń mu epo bí omi, ẹ̀ńjìnnì nìkan la sábà máa ń bá wí. Ìtàn jíìpù ní Amẹ́ríkà jẹ́ ká rí i pé ẹlẹ́bi pọ̀.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, jíìpù ológun bọ́ sọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Lójú títì, táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń ti ọkọ̀, àmọ́ bí ti iwájú ṣe ń yí, ó ń yí ṣáàfù àti jíà iwájú lásán. Epo ń ṣòfò. Ní ọdún 1948, Arthur Warn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe họ́ọ̀bù tí wọ́n lè fọwọ́ tú, kí táyà máa dá yí, kí irin inú sinmi. Bí ẹrẹ̀ bá dé, awakọ̀ á sọ̀kalẹ̀ lọ dè é padà. (Kò gbọ́dọ̀ gbàgbé o!)

Ní oṣù Ọ̀wàrà 1973, àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá dá epo dúró fún Amẹ́ríkà. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1974, Nixon buwọ́ lu òfin tó fi eré mọ sí máìlì 55 ní wákàtí kan. Ìyẹn bá jíìpù mu, torí bí eré ṣe ń pọ̀ ni afẹ́fẹ́ ń ta ko ara rẹ̀ gíga.

Òfin 1975 ló ká wa lára. Ó ní kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ máa rin máìlì 27.5 lórí gálọ́ọ̀nù kan, ní ìpíndọ́gba, tó bá di 1985. Jíìpù ńkọ́? Wọ́n kà á mọ́ ọkọ̀ akẹ́rù, ìwọ̀n tiwọn sì rọrùn. Bẹ́ẹ̀ ó ṣeé ṣe: Cherokee ti 1984, tí wọ́n ṣe ara àti férémù rẹ̀ pọ̀, fúyẹ́ ju ti àtijọ́ lọ dáadáa. Grand Wagoneer gìrìwò ṣì wà lọ́jà títí di 1991.