Igbó kọ́ nìyẹn o, oko ẹnìkan ni

1. Ẹ̀yin tèmi, ẹ fara balẹ̀ ka eléyìí. Lọ́dún tó kọjá, ẹbí wa fẹ́ ta ilẹ̀ kan ní abúlé wa lápá Ìfọ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní, "Igbó lásán ni, kò sí nǹkan kan níbẹ̀." Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Ìyá àgbà ló kọ̀. Wọ́n ní kí n dìde, kí n tẹ̀ lé àwọn.

2. A wọ igbó. Lójú tèmi, ewé àti ẹ̀fọn nìkan ló wà níbẹ̀. Ìyá àgbà dúró, wọ́n fi ọ̀pá tọ́ka: "Ka igi wọ̀nyẹn fún mi." Mo kà á. Igi obì mẹ́fà, wọ́n tò bí ọmọ iléèwé tó wà lórí ìlà. Àyè àárín wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. "Ṣé igbó ló ń to igi báyẹn, ọmọ mi?" Mi ò lè fèsì.

3. Àtìgbà yẹn ni mo ti ń kàwé nípa ẹ̀. Àwọn awalẹ̀pìtàn kì í wá ògiri àti ìkòkò nìkan o. Wọ́n ń wo igi náà. Igi tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, àpáàdì nídìí ẹ̀, èésì ẹ̀kùrọ́ àti èédú nínú ilẹ̀: gbogbo ẹ̀ ń sọ pé èèyàn ti gbé ibẹ̀ rí.

4. Igi tún máa ń sọ ìgbà tí wọ́n dá oko. Ẹ wo obì. Obì àbàtà, aláwẹ́ mẹ́ta, mẹ́rin, jù bẹ́ẹ̀ lọ, tiwa ni láti ayébáyé. Ṣùgbọ́n gbànja aláwẹ́ méjì, ọkọ̀ ojú omi ló ń kó o wá sí Èkó láti ilẹ̀ tá à ń pè ní Gánà lónìí. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá ni àwọn àgbẹ̀ Agége àti Ẹ̀gbá wá gbìn ín rẹpẹtẹ. Gbànja ni mẹ́fà tiwa. Oko wa ò lè jẹ́ ti ayé Lísàbí nìyẹn.

5. Agége ńkọ́? Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n sí búrẹ́dì, àbí? Oko ni o! Ní nǹkan bí 1880, James Pinson Labulo Davies gbin kòkó sí oko rẹ̀ ní Ijon, kò jìnnà sí Agége. Ọdún yẹn náà ni ìyàwó rẹ̀, Sara Forbes Bonetta, kú. Davies ri òkúta ìrántí mọ́lẹ̀ fún un ní Ijon. Nígbà tó yá, Jacob Kehinde Coker dá oko ńlá sí Ifakọ̀, reluwé dé Ìbàdàn ní 1901, àwọn àgbẹ̀ Agége sì dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1907. Àwọn oníṣòwò Hausa ń wá ra obì níbẹ̀.

6. Igi yẹn dà báyìí? Ilé ti bò ó. Orúkọ ló kù. Ẹ wọ dáńfó, ẹ máa gbọ́ "Oko-Ọba!" "Ìdí-Máńgòrò!" Ní Ìbàdàn, Ìdí-Ìṣin ni iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí lórí èso àti ewébẹ̀ wà. Ìdí igi eléso ni wọ́n ń ṣèwádìí èso, ẹ ò rí i bí!

7. Kí ló wá kan ẹbí wa? Nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tí wọ́n yá nílẹ̀ dáko á san ìṣákọ́lẹ̀. Ó lè gbin àgbàdo, ó lè gbin ẹ̀gẹ́. Ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ kàn gbin kòkó tàbí obì láìgbàṣẹ, torí igi á pẹ́ lórí ilẹ̀, ọ̀rọ̀ a sì di "èmi ni mo nilẹ̀." Ẹlẹ́rìí ni igi.

8. Níbi tí ìlà obì parí sí, Ìyá àgbà fi pèrègún hàn mí. "Ààlà rèé. Ọ̀hún kì í ṣe tiwa." Mo wo pépà tí sọ̀féyọ̀ yà. Ìlà tiẹ̀ ti ré kọjá pèrègún! Ilẹ̀ onílẹ̀ la fẹ́ẹ́ tà o.

9. Nípàdé ẹbí, mo gbé fóònù sílẹ̀, mo fi fọ́tò hàn wọ́n. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi dákẹ́. Ìyá àgbà ní, "Bàbá ọkọ mi ló gbìn ín. Obì tí mo ṣà nídìí ẹ̀ ni mo fi rán ìwọ àti àbúrò ẹ níléèwé. Ṣé òun lò ń pè ní igbó lásán?"

10. Wọ́n tún pépà yà. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ta apá kan, torí owó oògùn àti owó iléèwé ò dúró de ìtàn. Katapílà ti kọjá. Obì mẹ́fà ku méjì.

11. Mo ní fọ́tò gbogbo wọn, mo kọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró sí àti orúkọ ẹni tó gbìn ín. Ẹ̀yin náà, tẹ́ ẹ bá délé, ẹ bi àwọn àgbà yín pé: ta ló gbin igi yìí? Ẹ bi wọ́n nígbà tí wọ́n ṣì lè rìn débẹ̀.